Àtẹ́wọ́ Mẹ́ta ní Yàrá Kẹrin

Bí ẹnìkan bá sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ náà pé àtẹ́wọ́ tí òun fẹ́ pa yóò máa dún létí òun títí orí òun yóò fi funfun, ẹ̀rín ni ì bá rín. Ẹ̀rín kò jìnnà sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó wò ó dàgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló sọ ọ́ lórúkọ náà láti kékeré. Bí wọ́n bá nà án, ẹ̀rín ní í kọ́kọ́ jáde kí ẹkún tó tẹ̀lé e. Bí ẹ̀rù bá bà á, ẹ̀rín ni. Bí ojú bá tì í, ẹ̀rín náà ni. Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, orúkọ náà bá a débẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà á bí ẹni gba ogún.

Iṣẹ́ tó lọ kọ́ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ni: kí èèyàn jókòó ti ẹni tí ìbànújẹ́ tàbí ìbẹ̀rù ti dè mọ́lẹ̀, kó fi etí àti ọ̀rọ̀ ẹnu tú u díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí a ń tú òwú tó lọ́pọ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí oògùn. Lọ́jọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀ nílé, Ìyá Àgbà wò ó títí.

"Kí n má ṣì ọ́ gbọ́ o," ni ó wí. "O ti kàwé ọdún mẹ́rin tẹ́lẹ̀, o tún fẹ́ kà á lọ́dún mẹ́ta sí i, kí o lè mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó gbọ́ àròyé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà."

"Ẹ gbà mí! Gbogbo àròyé ìyá rẹ tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti gbé e wọlé, ṣé kò yẹ kí wọ́n ti fi mí jẹ ọ̀gá àgbà níbẹ̀?"

Gbogbo ilé fi ẹ̀rín sí i, ẹni tí wọ́n ń bá wí gan-an ló sì rẹ́rìn-ín jù.

Ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ wọn ni wàhálà dé. Lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá kan ni ilé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ wà, ilé alájà méjì. Òkè ni àwọn aláìsàn gidi ti ń rí àwọn olùtọ́jú tó ti gbówọ́. Ìsàlẹ̀ ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Yàrá mẹ́fà ló wà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, a sì kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn wọn bákan náà. Nínú yàrá kẹrin nísàlẹ̀, àga méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò dojú kọra tààrà, wọ́n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí ojú má baà máa gún ojú. Tábìlì kékeré wà láàárín wọn, tíṣù ìnujú wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbé aago kọ́ sẹ́yìn àga aláìsàn, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ iye tí aago lù láì wo ọwọ́ rẹ̀. Nítorí kò sí ohun tó ń dunni bíi kí a máa sunkún kí ẹni tó wà níwájú wa máa wo aago. Dígí ńlá kan sì wà lára ògiri. Ẹni tó bá wà nínú yàrá yóò rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí náà, ṣùgbọ́n fèrèsé ni fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá kótópó kan tó ṣókùnkùn ló wà lẹ́yìn níbẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀gá wọn máa ń jókòó sí pẹ̀lú kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sí kásẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá Onídígí ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, kì í gbóhùn sókè, ohun tó bá sì sọ, ẹ̀ẹ̀kan ló ń sọ ọ́.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lè fojú kan aláìsàn gidi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá eléré jókòó. Ìyá Onídígí ni yóò wá eléré náà fúnra rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tàbí ẹni tó ti ń ṣe eré orí ìtàgé rí. Òun ni yóò kọ ìtàn ìbànújẹ́ fún un láti há sórí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ẹni tó ń bọ̀, kò ní mọ ohun tó ń gbé bọ̀. Òfin méjì ló sì wà. Àkọ́kọ́ ni pé bí ẹni náà bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, òótọ́ ni gbogbo ohun tó bá sọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè pé "Ṣé ẹ̀yin ni eléré náà?" ti kùnà láti ibẹ̀. Èkejì ni pé bí aago bá lù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò ní, "Eré ti parí o." Eléré yóò wá dìde, yóò sọ orúkọ rẹ̀ gan-an, yóò sì sọ ohun tó jẹ láàárọ̀.

"Ìbànújẹ́ tí a yá wọ̀," Ìyá Onídígí á wí, "ká bọ́ ọ sílẹ̀ níbi tí a ti wọ̀ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bá èèyàn délé."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ẹlẹ́rìn-ín ti kùnà. Nígbà àkọ́kọ́, eléré náà ní ajá òun kú, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Nígbà kejì, ó gbàgbé láti béèrè ìbéèrè tí kò ṣeé gbàgbé, ìyẹn ni bóyá ó ti ń ṣe ẹni náà bíi pé kó pa ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, kó kó ìwé rẹ̀ kó máa lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, àwọn akunlé ń kun òkè. Òórùn ọ̀dà gba gbogbo ilé kan. Wọ́n bá kó àwọn bẹ́ǹṣì tí aláìsàn fi ń dúró de olùtọ́jú wá sísàlẹ̀, sí ọ̀ọ̀dẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bó bá kan aláìsàn kan, ẹnìkan á wá pè é gòkè. Kò sẹ́ni tó rò ó síwá sẹ́yìn.

Nígbà tí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Ìyá Onídígí ti jókòó lẹ́yìn dígí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Alága, nítorí pé kò sí ìpàdé tí kì í fẹ́ darí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa tẹ kámẹ́rà.

"Ẹlẹ́rìn-ín," Alága yọjú sí i, "bí ẹ̀rín bá dé, gé ahọ́n rẹ jẹ. Ahọ́n á jinná. Ìwé-ẹ̀rí kì í jinná."

"Jọ̀ọ́, lọ jókòó síbi ẹ̀rọ ẹ."

Ó ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kan nìkan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí yàrá kẹrin. Yóò tó ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ó wọ aṣọ aláró tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú lórí itan bíi pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà. Ó gbójú sókè wo nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, ó wo káàdì ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ wọlé."

Obìnrin náà wọlé. Nígbà tó jókòó tán, Ẹlẹ́rìn-ín sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti sọ: pé òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, pé wọn yóò gba ohùn wọn sílẹ̀, àti pé àwọn tó ń kọ́ òun nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Gbogbo eléré ló máa ń dáhùn kíákíá pé kò burú. Èyí kọ́kọ́ wo dígí.

"Ṣé ó di dandan?" ló béèrè.

"Kò di dandan, mà. Bí ẹ ò bá fẹ́, a ò ní gbà á."

"Ó dáa náà. Ẹ gbà á." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀. "Gbogbo wa la kọ́ṣẹ́ rí. Èmi náà ba aṣọ oníaṣọ jẹ́ nígbà tí mò ń kọ́ ìránṣọ."

Ọkàn Ẹlẹ́rìn-ín sọ fún un pé, obìnrin yìí mà mọ eré í ṣe o! Ó tún gba iṣẹ́ mọ́ra. Ara rẹ̀ bá balẹ̀.

Níbẹ̀ ni obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kọ́tìnnì ló ń rán, fún ilé ńláńlá àti gbọ̀ngàn ìpàdé. Nínú pálọ̀ rẹ̀ ni máṣíìnì wà. Rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi wẹ̀ ẹ́, tó fi bọ́ ọ, tó fi ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan àti ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má baà dégbò. Ọkọ náà kò lè pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ohùn kan ṣoṣo ló kù sí i lẹ́nu, bíi ti ẹni tí ẹrù wó lù.

"Ohùn yẹn, tọ̀sántòru ni," ló wí. "Mo lè máa gé aṣọ, á pè mí. Mo lè wà nílé ìwẹ̀, á pè mí. Mi ò bínú o. Àìsàn ni."

Ẹlẹ́rìn-ín mi orí. Aago ń rìn lórí ògiri.

"Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀sán ni. Kọ́tìnnì gbọ̀ngàn kan ló wà lórí máṣíìnì, mò ń ṣẹ́tí rẹ̀. Ó kù bí apá kan báyìí." Ó na ọwọ́ rẹ̀ láti èjìká dé orí ìka. "Ó pè mí. Mo ní, jẹ́ kí n parí etí yìí ná. Ó tún pè mí. Ohùn náà yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀." Ó wo Ẹlẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe?"

"Rárá, mà."

"Mo tẹ ẹsẹ̀ máṣíìnì mọ́lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ gidi, kó lè pariwo, kí n má baà gbọ́ ọ mọ́. Ó bá dákẹ́. Ọmọ mi, inú mi dùn pé ó dákẹ́. Mo ní, ẹ ṣeun, ó ti sùn." Ó di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin. "Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ. Mo sọ fún àwọn ọmọ, mo sọ fún àbúrò rẹ̀, mo sọ fún gbogbo ayé pé òwú ni mo lọ rà. Ọdún méjì nìyí. Ilé ni mo wà. Mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ, mi ò dá a lóhùn. Kọ́tìnnì yẹn ṣì wà lórí máṣíìnì títí di òní, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀."

Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Omi ti kún ojú Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kankan kò sì wá. Ìyẹn gan-an yà á lẹ́nu. Ó jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò sáré nu ojú ẹni ẹlẹ́ni, kò sáré sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi yín. Nígbà tó tó àkókò, ó rọra tẹ̀ síwájú.

"Mà, bí ẹrù bá wúwo tó báyìí, ó máa ń ṣe ẹlòmíràn bíi pé kó pa ara rẹ̀. Ṣé ó ti ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún nílé tó ti rò pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó bi mí rí," ló wí. Ó fọwọ́ lu báàgì rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Oògùn oorun ọkọ mi tó ṣẹ́ kù wà níbí. Mi ò dà á nù. Mò ń gbé e kiri ni."

Ẹlẹ́rìn-ín la ẹnu láti béèrè bóyá kó fún òun ní oògùn náà. Nígbà náà ni Alága tẹ aago lẹ́yìn dígí. Ìṣẹ́jú àádọ́ta ti pé.

Ẹ wo ohun tí àṣà lè fi èèyàn ṣe! Inú Ẹlẹ́rìn-ín, tó ti wà ní dídè láti àárọ̀, tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti yege! Ó fò dìde, ó pàtẹ́wọ́: pà! pà! pà! Ẹ̀rín tí kò wá láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó bá bú jáde.

"Eré ti parí o! Ẹ mà ṣe é o, mà! Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún!"

Obìnrin náà kò mira. Omijé tó ń ṣàn lọ́wọ́ dúró lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Eré?" ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó yá, ẹ sọ orúkọ yín gan-an."

Obìnrin náà wo ọwọ́ méjèèjì tó pa àtẹ́wọ́ náà. Ó wo dígí, ó rí ojú ara rẹ̀ tó rẹ fún omi. Ó dìde, ó fi báàgì rẹ̀ há abíyá, ó jáde. Kò yára, kò sì falẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó yọrí sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó pè é tẹ̀lé:

"Mà! Ẹ ò tíì sọ ohun tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀!"

Obìnrin náà kò wẹ̀yìn.

Bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe padà sínú yàrá ni Alága ya wọlé pẹ̀lú ìwé máàkì lọ́wọ́. "O gbà á! Mo ní o gbà á! Ìdákẹ́jẹ́, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ìbéèrè ikú, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ṣé ibi tó ti ní òun tẹ máṣíìnì mọ́lẹ̀ ni? Ara mi bù máṣọ! Níbo ni Ìyá ti rí obìnrin yẹn?"

"Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n rí mi?"

"Wọ́n pè wọ́n sí fóònù kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì padà dé. Ṣùgbọ́n ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, má fòyà."

Ibẹ̀ ni akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ti kanlẹ̀kùn. Bàbá kan tí kì í yọ bírò kúrò létí ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó fẹ́ wá bá yín ṣeré pè wá lórí fóònù. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ ló jò lọ́nà, ó ní òun ti ń bọ̀." Ó wo káàkiri. "Ìyá kan sì wà lórí bẹ́ǹṣì yìí láàárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Yàrá kẹrin lókè ló yẹ kó lọ, wọ́n ti ń wá a láti aago mẹ́wàá. Ẹ ò rí i?"

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Alága. Ẹlẹ́rìn-ín wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì rí i pé wọ́n pọ́n níbi tí wọ́n ti lura. Ohùn obìnrin náà padà dún létí rẹ̀: Mo gbọ́ ọ, mi ò dá a lóhùn. Oògùn wà nínú báàgì.

"Yéè!" ló wí, ó bẹ́ jáde.

Ó sáré kọjá lábẹ́ àkàbà akunlé kan. Akunlé náà pariwo pé, "Ìwọ, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Kò dúró. Ó já sí ìta, oòrùn gbá a lójú. Ó wo apá ọ̀tún, ọkọ̀ ni. Ó wo apá òsì, ọkọ̀ náà ni. Ó wo ojú gbogbo obìnrin tó wọ aláró, kò sí èyí tó jẹ́ obìnrin náà. Ó sáré dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń wọkọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn bóyá ó rí obìnrin kan tó ń sunkún.

"Iwájú ilé ìwòsàn nìyí, àǹtí," ọkùnrin náà wí. "Èwo nínú wọn?"

Ìgbà tó ń padà bọ̀ ló tó rí obìnrin náà. Kò jìnnà rárá. Orí ògiri kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ló jókòó sí, báàgì wà lórí itan rẹ̀, ẹnu báàgì sì ti ṣí.

Ẹlẹ́rìn-ín lóṣòó síwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ẹ̀rín ń bọ̀, ẹ̀rín ẹ̀rù, ẹ̀rín burúkú láti kékeré, ó ń gun òkè láti inú rẹ̀ wá sí ọ̀fun. Ó ki ẹ̀yìn ọwọ́ bọ ẹnu, ó bù ú jẹ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

Obìnrin náà wò ó tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mélòó ni wọ́n fún mi?" ló béèrè.

"Mà?"

"Nínú eré náà. Mélòó ni mo gbà?"

Ẹlẹ́rìn-ín yọ ọwọ́ lẹ́nu. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìbu iyọ̀ sí i: eléré, òfin, táyà, àtẹ́wọ́. Kò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi òun. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní, "Mo rò pé irọ́ ni. Nígbà tí mò ń gbọ́ yín, mo rò pé irọ́ ni. Ìyẹn ni mo ṣe fún yín."

"Ọdún méjì," obìnrin náà wí, bíi pé ọkọ̀ tó ń kọjá ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ọdún méjì ni mo fi wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́. Ìgbà tí mo wá sọ ọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi." Ó yíjú sí i. "Mo sọ fún ọ pé mo ba aṣọ oníaṣọ jẹ́ rí. Aṣọ ni o. Aṣọ ṣeé tú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló wà lẹ́yìn dígí yẹn?"

"Ẹlẹgbẹ́ mi kan, mà."

"Mú mi lọ síbẹ̀."

Wọ́n padà. Ẹlẹ́rìn-ín ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò lè fọwọ́ kàn án, kò sì lè jìnnà sí i. Ìyá Onídígí ti dé. Wọ́n ti sọ fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kótópó náà, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Obìnrin náà kọjá lára rẹ̀ wọlé. Ó wo yàrá kẹrin láti ẹ̀yìn dígí: àga rẹ̀, tíṣù tó ti fún pọ̀, aago. Ó wo àga ọ̀gá tó ṣófo. Ó gbé ìwé máàkì tí Alága ti ṣà nílẹ̀, ó sì kà á, ó ń fi ìka tẹ̀lé e bí ẹni ń wọn aṣọ. Alága lẹ̀ mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ yẹn kò sí ìpàdé tó fẹ́ darí.

"Ilé wa ló ṣẹ̀ yín, mà," Ìyá Onídígí wí. "Èmi ni mo ṣe òfin náà. Èmi ni mo sì fi àga mi sílẹ̀."

"Ohùn mi dà?"

Ìyá Onídígí tẹ ẹ̀rọ, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó fi fún un. Obìnrin náà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wo bí ó ṣe kéré tó. Ó jù ú sínú báàgì. Ọwọ́ rẹ̀ kò jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo wọn ń wo báàgì náà. Ìgbà tí ọwọ́ jáde, ìgò oògùn kékeré ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e sí ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ti kúrò.

"Ẹ gba tiyín," ló wí, "mo ti gba tèmi. Wàyí o, ta ló wà lókè tí ó jẹ́ olùtọ́jú gidi?"

"Màá mú yín lọ fúnra mi, mà."

"Ẹ máa níṣò." Ó dúró níwájú Ẹlẹ́rìn-ín, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Ìwọ má tẹ̀lé wa."

Wọ́n gòkè. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tó dúró sí gan-an. Kò pẹ́ púpọ̀, ẹsẹ̀ dún lọ́ọ̀ọ̀dẹ̀, obìnrin kan tó sanra sáré wọlé, ó fi gèlè nu òógùn, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì táyà.

"Ẹ má bínú o! Ẹ forí jì mí! Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni? Mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí. Ọmọ mi ló kú nínú tèmi!"

Alága mú un lápá, ó mú un jáde jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì Ìyá Onídígí pe Ẹlẹ́rìn-ín sí ọ́fíìsì. Ìwé máàkì wà lórí tábìlì, ó ti ya sí méjì.

"O jókòó tì í dáadáa," ló wí. "Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. O ṣe gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, o ò sì gbà á gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Ó pa ojú dé díẹ̀. "Mi ò ní lé ọ. Wàá tún ọdún yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá fẹ́ lọ fúnra rẹ, mi ò ní dá ọ dúró."

"Màá tún un ṣe, mà. Obìnrin náà ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ fún ọ."

Nígbà tó dé ilé, Ìyá Àgbà bi í pé báwo ni ìdánwò. Ó ní òun yóò tún un ṣe. Ìyá Àgbà ń retí ẹ̀rín tí í máa ń tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó gbé ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ó jókòó tì í, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bóyá lóòótọ́ ni ì bá ti jẹ ọ̀gá àgbà níbẹ̀.

Wọ́n pa àtẹ́wọ́ rẹ́ nínú ilé náà. Láti ìgbà yẹn, eléré gbọ́dọ̀ fi rìbọ́ọ̀nù pupa há àyà kó tó wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò fi àga ẹ̀yìn dígí sílẹ̀, bí ọba ń pè é lórí fóònù. Ọ̀dà òkè gbẹ, wọ́n kó bẹ́ǹṣì padà sókè.

Ó tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà. Ẹlẹ́rìn-ín ń kọjá níwájú akọ̀wé pẹ̀lú àpò ìwé léjìká, bàbá náà sì yọ bírò létí, ó fi pè é.

"Ìwọ, ìyá kan tó ń wá sókè sọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ. Ó ní kí n sọ fún ọmọ tó pàtẹ́wọ́. Mo ní, èwo nínú wọn? Ó ní èyí tó bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ."

Ẹlẹ́rìn-ín dúró gbagidi. "Kí ló ní kẹ́ ẹ sọ?"

"Ó ní òun ti parí etí kọ́tìnnì yẹn."

Ó di ògiri mú. Ẹkún ló jáde, ẹ̀rín kankan kò ṣáájú rẹ̀. Akọ̀wé dìde lórí àga, ẹnu ń yà á, ó ń wá ohun tí yóò fi nu ojú fún un, kò rí nǹkan kan ju ìwé orí tábìlì lọ.

"Ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì ló di ẹkún báyìí?" ló wí. "Kọ́tìnnì wo ni?"

"Ẹ má bínú, bàbá," Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Mi ò lè sọ."